Etí Ilé-Ọmọ Lára Kòkòrò: Oṣù Mẹ́ta Tí Mo Lò ní Jàpáàn

Ẹ fara balẹ̀ o, ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀, torí ó ti sú mi kí n máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo. Ẹni tó bá tún dá mi dúró pé "Rìsí, ṣé lóòótọ́ ni pé kòkòrò lo lọ ń tọ́jú lókè òkun?" kó lọ ka èyí. Bẹ́ẹ̀ ni. Kòkòrò ni. Mo sì fẹ́ràn wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó yáa rín in tán kó tó máa kà á lọ.

Ẹni tí ò bá mọ̀ mí, èmi ni ọmọbìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Múfú ní Creek Road. Kì í ṣe fíríìjì ilé nìkan o. Ẹ̀rọ ọsibítù, ẹ̀rọ láàbù, gbogbo tòkunbọ̀ tó ń bá kọ̀ǹténà wọlé ní Àpápá, èyí tí wọ́n ti lò sú níbòmíì, àwa la ń jí wọn dìde. Mi ò lọ yunifásítì. Ìwé tó bá wà nínú páálí ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ ń kà. Nígbà tó yá mo wá ń ka ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà ṣe. Nígbà tó tún yá, mi ò lè dá a dúró mọ́. Owó dátà ni owó ilé ìwé tèmi.

Fíríìjì ló sì gbé mi dé Jàpáàn. Ilé ìgbẹ̀bí kan ló pè wá pé tàwọn ò tutù mọ́. Mo débẹ̀, mo ṣí i, ooru ló fẹ́ sí mi lójú. Páálí abẹ́rẹ́ kan wà nínú ẹ̀, ọsitósìn, èyí tí wọ́n ń gún fún obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí ilé-ọmọ ẹ̀ lè fún, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í fẹ́ ooru rárá.

Mo ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ wo ni fíríìjì yìí ti kú?"

Wọ́n ní, "Á tó ọjọ́ mẹ́ta."

"Ṣé abẹ́rẹ́ inú ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́?"

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ta ló fẹ́ mọ̀? Omi ni nígbà tó dáa, omi náà lá máa jẹ́ tó bá bàjẹ́. Fíríìjì la ní kó o tún ṣe, a ò ní kó o wá ṣe dókítà."

Orí mi gbóná. Ẹ mọ̀ mí. Mo pariwo títí wọ́n fi ní kí n bọ́ síta. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara mi balẹ̀, mo rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ta ló fẹ́ mọ̀?

Mo gbé ìbéèrè yẹn lọ bá Dókítà Ẹniọlá, olùkọ́ yunifásítì kan tó ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ wa, oníbàárà kan ṣoṣo tí dídá mi lóhùn kì í sú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Rìsí, ẹni tó mọ̀ ni ilé-ọmọ fúnra ẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Ara wa, sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ni, bí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́lé. Awọ sẹ́ẹ̀lì ilé-ọmọ ní etí. Abẹ́rẹ́ yẹn ni ohùn. Tí ohùn bá dé etí, ilé-ọmọ á fún. Tí a bá lè rí etí yẹn nìkan, nínú ìgò, láìsí obìnrin nídìí ẹ̀, a lè kán abẹ́rẹ́ tí fíríìjì ti bà jẹ́ sí i, ká wò ó bóyá etí á gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa gé etí ilé-ọmọ lára ẹ̀? Ibẹ̀ ni kòkòrò ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó jẹ́ pé kòkòrò nìkan ló ń bá jà, kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Wọ́n á kọ àpèjúwe etí náà sínú fáírọ́ọ̀sì yẹn bí ẹni kọ lẹ́tà, fáírọ́ọ̀sì á gbé e wọ inú sẹ́ẹ̀lì kòkòrò, kòkòrò á kà á, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ etí èèyàn sí awọ ara ẹ̀. Tìyanu tìyanu!

Láàbù kan ní Jàpáàn mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Wọ́n sọ fún Dókítà pé: ẹ rán ẹnì kan wá, oṣù mẹ́ta. Tó bá fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe etí tó ń gbọ́, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn á fi sẹ́ẹ̀lì àti fáírọ́ọ̀sì náà ránṣẹ́ sí Èkó. Tí kò bá lè ṣe é, àwọn ò ní fi ránṣẹ́, torí sẹ́ẹ̀lì tí kò lọ́wọ́ tó mọ̀ ọ́n tọ́jú, pàǹtí ni. Dókítà kọ orúkọ mi. Àwọn tó ní dìgírì bínú. Wọ́n ní báwo lẹ ṣe máa rán onífíríìjì? Dókítà ò yí i padà. Torí náà kì í ṣe àpò nìkan ni mo gbé lọ. Orúkọ Dókítà ni mo gbé dání.

*Ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í fọn fèrè*

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ìlú kékeré kan ni, òkè yí i ká, ewé igi ti pọ́n bí ata nítorí òtútù. Èmi tí mo dàgbà síbi tí tírélà ti ń ké bí màlúù tó ń rọbí, etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún fúnra ẹ̀ ni. Mo dúró létí títì, ọkọ̀ mẹ́rin ló kọjá, kò sẹ́ni tó fọn fèrè, kò sẹ́ni tó bú ìyá ẹnì kejì. Mo ní kí ló ń ṣe wọ́n?

Bọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Tí mo bá jókòó, àga ẹ̀gbẹ́ mi á ṣófo. Èrò á dúró, àga á ṣófo. Ọjọ́ kìíní, mo ní bóyá wọn ò rí i. Ọjọ́ kẹta, mo sọ ọ́ síta, ní Yorùbá gidi: "Mi ò gé èèyàn jẹ o!" Kò sẹ́ni tó yíjú. Ni bàbá arúgbó kan bá rọra rìn wá, ó gbé kárọ́ọ̀tì funfun kan dání tó tóbi bí itan ewúrẹ́, ó jókòó tì mí, ó tẹrí ba fún mi, kí bọ́ọ̀sì tó débi tó kàn ó ti sùn lé mi léjìká. Mi ò mira. Mo kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀, mi ò mira. Ẹni tó fẹ́ jí i, kí n rí i.

Màmá Nakano ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní, "Kì í ṣe pé wọ́n ń bẹ̀rù rẹ. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé o máa bá wọn sọ òyìnbó, wọn ò sì ní mọ ohun tí wọ́n máa fi dá ọ lóhùn."

Màmá Nakano yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Àwọn ló ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì láàbù náà láti ìgbà tí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ti wà nílé ìwé. Wọn ò ga ju èjìká mi lọ, irun wọn funfun báláú. Àwọn náà ò lọ yunifásítì! Ìdílé tó ń sin kòkòrò sílíìkì ni wọ́n ti wá, ìbátan èyí tí àwọn bàbá wa fi ń hun sányán. Òyìnbó tiwọn ò ju ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ lọ, tèmi kò bá ahọ́n wọn mu, fóònù ló ń bá wa túmọ̀ èyí tó kù. Bó ṣe wọ̀ mí lára lédè wa ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí.

*Irú tó ń yọ bí ilá*

Oúnjẹ wọn ò láta. Mo ti sọ ọ́, ẹ má bi mí mọ́. Ìrẹsì wọn lẹ̀ mọ́ra wọn bí ọmọ ìyá, ẹja wọn tútù, kò rí iná rí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fẹ́ẹ̀ sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni Kenta, ọmọ ilé ìwé tó wà ní ọdún ìkẹyìn, tó ń lo tábìlì ẹ̀gbẹ́ mi, ṣí ike kékeré kan. Òórùn jáde. Mo gbé orí sókè. Mo ní, "Irú nìyẹn!" Ó rò pé mo ń bínú sí òórùn ẹ̀, ó fẹ́ dé e padà. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀wà ni wọ́n fi ṣe é, ó rà bí irú wooro, ṣùgbọ́n tí o bá fi igi gbé e, ó ń yọ bí ilá, okùn ẹ̀ á gùn títí dé àgbọ̀n rẹ. Irú àti ilá nínú ike kan! Mo jẹ ẹ́ tán, mo fi ìka lá ike. Gbogbo wọn dúró yí mi ká, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó gbé iná mì. Kenta ní àlejò kan ò jẹ ẹ́ rí ní láàbù yẹn. Láti ọjọ́ náà, ike méjì ló ń rà, tiẹ̀ kan, tèmi kan.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo ṣẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

*Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n*

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ̀ ni. Wọn ò tíì jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan, ìlànà ààbò ni wọ́n ń kọ́ mi láti Mọ́ńdè, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́, bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà. Gbogbo wọn ti lọlé. Mo ń palẹ̀ mọ́ ni mo bá rí ínkúbétọ̀ méjì ní igun, àpótí tí wọ́n fi ń mú sẹ́ẹ̀lì lọ́yàyà. Ìbejì ni wọ́n, ilé iṣẹ́ kan náà. Ooru ọ̀kan wà ní mẹ́tàdínlógójì, gáàsì wà lẹ́yìn ẹ̀. Èkejì wà ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kò ní gáàsì. Ìwé kékeré kan lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀, èdè wọn ni wọ́n fi kọ ọ́.

Gbogbo ínkúbétọ̀ tó ti gba ọwọ́ mi kọjá ní Creek Road, mẹ́tàdínlógójì ni, torí bí ara èèyàn ṣe gbóná tó nìyẹn. Èyí tó bá ti wà ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó ń ṣàìsàn ni. Ẹ ò sì ní í bi ẹnì kankan lọ́dọ̀ wa kí ẹ tó ṣàánú. Tí o bá rí ohun tó bàjẹ́, o tún un ṣe, kí olóhun wá bá a tó ti dáa, kó máa súre fún ẹ. Mo tẹ̀ ẹ́ sí mẹ́tàdínlógójì. Mo dúró tì í títí ó fi gbóná. Mo kọ ìwé tèmi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: MO TI TÚN UN ṢE. RÌSÍ. Mo ya àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n Múfú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi! Fi hàn wọ́n!"

Ẹ̀yin ará mi, sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ló wà níbẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo lóko àwọn àgbẹ̀ wa, láti ibi ẹyin ẹ̀ ni wọ́n ti mú sẹ́ẹ̀lì náà láyé ọjọ́un, látìgbà náà ló ti ń pín ara ẹ̀ sí méjì méjì, kò kú. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fẹ́. Kò fẹ́ gáàsì. Ooru ara èèyàn, ikú ni fún un.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo bá Kenta níwájú ínkúbétọ̀, ìwé mi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Iṣẹ́ tó fẹ́ fi gba oyè wà nínú ẹ̀, ó ti ń ṣe é bọ̀ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó yíjú sí mi. Ó tẹrí ba. Ó ní, "Rìsí-saàn," bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pe èèyàn níbẹ̀ nìyẹn, "ẹ ṣeun tí ẹ fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Ó wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Màmá Nakano gbé ojú kúrò lórí máíkírósíkóòpù, wọ́n yẹ̀ fún mi kí n wò ó. Ohun tó yẹ kó rí roboto, tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, ti fọ́ yángá.

*Ẹ bú mi*

Mo ń retí èébú. Ní Ajégúnlẹ̀, wọn ì bá ti bú mi dé ìran kẹrin kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn aládùúgbò á dá sí i, kó tó di ọ̀sán a ó ti jọ máa mu gàrí. Èyí ńkọ́? Wọ́n ń kí mi káàárọ̀. Wọ́n ń kí mi ó dàárọ̀. Kenta ṣì ra ike méjì, ó gbé tèmi sórí tábìlì, ó yíjú sápá kejì. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo bá a lójú ọ̀nà láàbù, mo bú sí ariwo. "Kenta! Bú mi now! Wetin be this one? Èmi ni mo pa iṣẹ́ ẹ! Ṣé o ò ní ẹ̀jẹ̀ lára ni? Bú mi!" Mo ń gbá àyà mi. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ń rọra tì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kenta tẹrí ba fún mi, ó ní kí n má bínú. Òun! Ó ní kí èmi má bínú!

Mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Màmá Nakano wá bá mi, wọ́n fi ìrẹsì dídì kan lé mi lọ́wọ́, èso kíkan wà láàárín ẹ̀. Wọ́n dúró títí mo fi jẹ ẹ́ dé ìdajì. Wọ́n ní, "Rìsí, tí ẹni tó ṣẹni bá pariwo, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló máa pa ìbínú tiẹ̀ tì kó lè tù ú nínú. O ti fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ ọmọ yẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ mí lára ju èébú lọ. Gbogbo ariwo tí mo ti pa láyé mi, ó tò wá síwájú mi níkọ̀ọ̀kan, títí dórí nọ́ọ̀sì yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ síwájú tábìlì Kenta, mo kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì. Mi ò pariwo. Mo ní, "Jọ̀ọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́." Jìnnìjìnnì bo ọmọ ọlọ́mọ. Kò mọ ohun tó máa ṣe, lòun náà bá kúnlẹ̀, ó tún fi iwájú orí kanlẹ̀, ó rẹlẹ̀ jù mí lọ. Kò lè rẹlẹ̀ jù mí lọ o, èmi ni mo ṣẹ̀! Mo tún rẹlẹ̀ sí i. Òun náà tún sún sí i. Àwa méjèèjì ń bára wa du ilẹ̀. Màmá Nakano gbé ìgò dání, wọ́n fẹsẹ̀ dá wa kọjá, wọn ò tilẹ̀ wolẹ̀.

Kenta wá sọ ọ́ nílẹ̀ níbẹ̀, jẹ́jẹ́: "Inú bí mi gan-an ni."

Mo ní, "O ṣeun. O kú oríire."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín.

*Má fọwọ́ kàn án*

Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú yìnyín, nínú agolo ńlá kan tó ń rú èéfín tútù. Màmá Nakano yọ ìgò méjì tó kéré bí ìka, wọ́n fún Kenta ní ọ̀kan, wọ́n gbé èkejì fún mi. "Ìwọ lo máa jí tìrẹ." Mo ti rò pé wọ́n máa lé mi sílé. Wọ́n fún mi ní sẹ́ẹ̀lì!

Ìlànà wọn ni pé fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí n máa wò ó láràárọ̀, kí n kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, kí n fún un lóúnjẹ lásìkò, kí n má ṣe tún nǹkan kan ṣe. Ẹ ronú ẹ̀! Èmi! Ọjọ́ kẹrin, ó dà bíi pé ìdajì wọn ń kú. Ọwọ́ ń yún mi, mo fẹ́ yí oúnjẹ padà, mo fẹ́ yí gbogbo nǹkan padà. Màmá ní, "Kí lo rí?" Mo ní wọ́n ń kú. "Rárá. Ìyẹn lo rò. Kí lo rí?" Mo tún wò ó. Mo ní àwọn kan roboto, àwọn kan rún. "Kọ ìyẹn." Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n kún ìgò, roboto, ń dán, bí ọkà bàbà tí wọ́n da sínú igbá. Mo kí wọn káàárọ̀. Kí ló kàn yín?

Oṣù kejì ti wọlé kí fáírọ́ọ̀sì mi tó délẹ̀. Mo tú u lé sẹ́ẹ̀lì lórí. Láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n wú, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí a fi rán wọn. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé fáírọ́ọ̀sì yẹn náà ló máa pa wọ́n. Wọ́n á kọ́ etí tán, wọ́n á sì kú. O gbọ́dọ̀ kó wọn kí wọ́n tó bẹ́. Tó o bá yá jù, etí ò tíì pọ̀. Tó o bá ṣe ojúkòkòrò, òkú lo máa kó.

Mo kó wọn lásìkò. A wò ó. Etí pọ̀! Lára awọ wọn, etí ilé-ọmọ, lára kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo. Mo jó níbẹ̀.

Ẹ̀yìn náà la wá dán an wò bóyá ó ń gbọ́. Ọsitósìn tí wọ́n so ìmọ́lẹ̀ mọ́ la dà lé e, a fọ̀ ọ́. Tí etí bá gbọ́, á di ọsitósìn mú, ìmọ́lẹ̀ á dúró. Ẹ̀rọ kà á. Ìmọ́lẹ̀ ti bá omi lọ. Díẹ̀ báyìí ló kù, kò ṣeé gbára lé.

Etí wà níbẹ̀. Dídí ló dí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù fún mi. Ohùn Dókítà Ẹniọlá wọ orí fóònù: "Rìsí, ó gbọ́ àbí kò gbọ́? Àwọn èèyàn ń bi mí níbí." Mo fèsì pé a ṣì ń wò ó, mà. Mo fọwọ́ bojú.

*Ọ̀rá*

Mo fẹ́ tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Màmá Nakano ti ìwé tí mo ń kọ sí padà síwájú mi. "Kí lo rí?"

Mo kà á sókè. Sẹ́ẹ̀lì dáa. Fáírọ́ọ̀sì dáa. Etí pọ̀. Etí ò gbọ́. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi: "Bóyá kì í ṣe etí. Bóyá ibi tí etí dúró sí ni." Màmá yíjú wo ọ̀dọ̀ Kenta.

Mo lọ bá a. Mo ní, "Kenta, jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan. Awọ kòkòrò àti awọ èèyàn, kí ló wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì?"

Ó gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rá. Kolẹ́sítẹ́rọ̀." Èyí tí dókítà ń ní kí àwọn bàbá wa dín kù! Ó ní kòkòrò kì í dá a ṣe fúnra ẹ̀, awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò ní in tó. Etí mìíràn á fara dà á. Etí ilé-ọmọ kì í fara dà á. Tí ọ̀rá yẹn ò bá yí i ká, kò ní lè dìde dúró dáadáa, kò ní gbọ́.

Mo ní, "O ti mọ èyí látìgbà wo?"

Ó ní, "Látìgbà tí ẹ dé."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí. Mo rò pé ẹ mọ̀. Tí mo bá sọ ọ́, ó dà bíi pé mò ń fojú kéré yín."

Ẹ̀yin ará mi, ìbínú gun òkè, ó dé ọ̀fun mi, mo mọ adùn ẹ̀ lórí ahọ́n. Mo gbé e mì. Bó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún mi nìyẹn. Èmi tún nǹkan ṣe láìbéèrè, òun dákẹ́ torí pé wọn ò bi í. Bí àwa méjèèjì ṣe fẹ́ fi ìwà rere pa iṣẹ́ kan náà nìyẹn. Mo ní, "Ó dáa. Láti òní lọ, gbogbo nǹkan ni màá máa bi ẹ́. Ó máa sú ẹ." Ó ní kò burú.

Ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. Ṣúgà kan wà tó máa ń gbé ọ̀rá bí alábàárù ṣe ń gbẹ́rù, á gbé e dé ẹnu ọ̀nà awọ sẹ́ẹ̀lì, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo tún gbin sẹ́ẹ̀lì mìíràn, mo tú fáírọ́ọ̀sì lé e, mo kà á wákàtí sí wákàtí, mo kó o lásìkò, mo fún awọ náà ní ọ̀rá. Mo fọwọ́ ara mi ṣe é. Kenta dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó káwọ́ sẹ́yìn, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

A da ọsitósìn oníná lé e. A fọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ kà á.

Ìmọ́lẹ̀ dúró.

Kenta ní kí n má tíì yọ̀. Ó ní ìmọ́lẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ibi tí kì í ṣe etí. Mo da ọsitósìn lásán, èyí tí kò ní iná, púpọ̀púpọ̀ lé òmíràn: tó bá jẹ́ etí gidi ni, èyí tí kò níná á gba àyè lọ́wọ́ oníná, ìmọ́lẹ̀ á wálẹ̀. Ó wálẹ̀ gbì! Ó ní ká tún un ṣe. A tún un ṣe. Ó ní lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí n máa lọ sílé nígbà tí ẹ̀ẹ̀kẹta jáde, bákan náà ló rí. Ọ̀gá láàbù wá, wọ́n wo ìwé náà títí, wọ́n ní àwọn á bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù Èkó.

*Àwọn tí a kọ́kọ́ ń sọ fún*

Mo ti fa fóònù yọ. Dókítà Ẹniọlá gan-an ló ń pè, orúkọ wọn ń tàn lójú ẹ̀. Màmá Nakano fọwọ́ bo ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "Wọ́n á dúró díẹ̀. Àwọn kan wà tí a kọ́kọ́ ń sọ fún."

Wọ́n mú wa lọ sẹ́yìn láàbù, èmi àti Kenta. Òkúta kan wà lábẹ́ igi níbẹ̀, ewédò ti hù sí i lára. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ló gbé e kalẹ̀ fún gbogbo kòkòrò tó ti kú sẹ́nu iṣẹ́. Tí iṣẹ́ ẹnì kan bá yọrí, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jíṣẹ́. Màmá yọ àgbàdo sísè kan nínú àpò wọn, torí òun ni kòkòrò tiwa fẹ́ràn, wọ́n gbé e síwájú òkúta náà.

Mo sún sẹ́yìn. Bàbá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, màmá mi ń kírun, mo ń tẹ̀lé màmá mi. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Mi ò lè tẹrí ba fún òkúta."

Wọ́n yíjú sí mi. "Ta ló ní kó o tẹrí ba fún òkúta? Iṣẹ́ la wá jẹ́. Dúró bí o ṣe ń dúró, kó o jẹ́ ẹ lédè rẹ."

Mo dúró. Fóònù ń gbọ̀n nínú àpò mi, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí mo fi ooru pa, ẹ fojú fò ó, àìmọ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ èyí tó kẹ́yìn, mo ní kí n wá sọ fún yín pé…" Ohùn mi ṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó máa ṣẹ́. Kenta ń wolẹ̀. "Mo ní kí n wá sọ fún yín pé ó gbọ́."

Ìgbà náà ni mo tó gbé fóònù.

Dókítà ò kí mi rárá. "Rìsí, ó gbọ́ àbí kò gbọ́?"

"Ó gbọ́, mà."

"Tún un sọ."

"Ó gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la dán an wò, mà. Wọ́n ti ń di ẹrù yín."

Mo gbọ́ tí àga ṣubú. Mo gbọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń pariwo jáde sí ojú ọ̀nà ọ́fíìsì wọn: "Onífíríìjì mi ni o! Onífíríìjì tèmi ni!" Ariwo náà ń jáde láti inú fóònù sí abẹ́ igi yẹn.

Kenta wò mí, ẹ̀rù ń bà á. "Ṣé wọ́n ń bínú ni?"

Mo ní, "Rárá. Inú wọn ló dùn."

Màmá Nakano bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú àgbàdo yẹn nílẹ̀, wọ́n ní àwọn kòkòrò ti jẹ tiwọn tán. Wọ́n ṣẹ́ ẹ sí mẹ́ta. A dúró nínú òtútù, Dókítà ṣì ń pariwo lọ́wọ́ mi, a jẹ ẹ́ kan ṣùkù.